Ìgbà Tí Àyà Ẹ̀gbọ́n Mi Dákẹ́

Ariwo àyà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la bá dàgbà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ikọ́ fée ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á máa súfèé, èmi náà á ní, “Àǹtí mi, ẹ fun èyí tó ṣeé jó sí fún wa.” Á ju bàtà lù mí, á sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e.

Etí ni màmá wa fi ń wọn àìsàn yìí. Tí ariwo bá pọ̀, ó le. Tó bá lọ sílẹ̀, ara ti ń tù ú nìyẹn. Ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ kan wá dé tí oògùn tó ń fà sẹ́nu kò ràn án mọ́. Aládùúgbò wa fi mọ́tò gbé wa lọ sílé ìwòsàn, orí ẹ̀gbọ́n mi wà láyà màmá wa. Àyà náà ń súfèé títí a fi dé ìlú Òrù. Bí a ṣe kọjá Òrù, ó dákẹ́. Màmá wa ní, “Olúwa, o ṣé.” Wọ́n fọwọ́ kan aládùúgbò wa léjìká: “Rọra máa wà á, ọmọ mi. Ara ti ń tù ú, kòtò ọ̀nà yìí sì pọ̀.” Ó rọra. Inú èmi náà dùn.

Nílé ìwòsàn, dókítà fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sétí, ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún.

“Màmá, ìgbà wo ló ti dákẹ́ báyìí?”

“Ó ti ṣe díẹ̀, dókítà. A dúpẹ́.”

Ó ké sí àwọn nọ́ọ̀sì. Eré ni wọ́n fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn ń bọ́. Wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí fún un.

Dókítà ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń fún ara rẹ̀ kọjá ló ń súfèé. Nígbà tí àyà dákẹ́, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà kọjá mọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún màmá wa. Ó ní màmá wa ti bi òun, òun sì ti sọ.

Láti ìgbà náà, màmá wa ò kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n ní, “Tí mo bá lọ, ta ni yóò mọ̀ tó bá dákẹ́?”

Ẹ̀rọ ò dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ẹ̀rọ ṣì ń mí. Nọ́ọ̀sì ló wá pa ẹ̀rọ náà.

Àwọn tó wá kí wa ní Olúwa ló fún ni, Òun náà ló gbà á. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àlùfáà bá ní kí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ bọ́ síwájú, màmá wa kì í dìde. Èmi náà máa ń jókòó tì wọ́n.