Lándírófà Tí Bàbá Mi Rẹ̀ Sílẹ̀

Awakọ̀ ni bàbá mi. Kàsímù Odùkọ̀yà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ràṣídì ni wọ́n ń pè é, nítorí èmi Ràṣídì nìkan lọmọ tó ní. Lándírófà kan ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ológun ló kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí ogun parí wọ́n tà á, bàbá mi sì rà á. Ó ń fi gbé èrò àti ẹja láti abúlé wa létí òkun, nísàlẹ̀ Lákọwé, lọ sí Ajah. Títì ò sí. Wọ́n ń sọ pé ìjọba máa la títì, a ò tíì rí i. Iyanrìn ni gbogbo ọ̀nà. Mọ́tò tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, inú iyanrìn ló máa sùn. Ti bàbá mi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ohun tí a fi ń jẹun nìyẹn.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbọn gbígbẹ ló máa ń jẹ tó bá ń wakọ̀. Tí nǹkan kan bá dún lábẹ́ ọkọ̀, á dákẹ́ jíjẹ, á tẹ́tí. Tí àsìkò ìrun bá tó, ibi yòówù ká wà, á dúró, á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, gbogbo èrò á sì dúró dè é. Kò sẹ́ni tó ń kùn.

Sìlífátù ni ìyá mi. Ẹja yíyan ló ń tà. Kò ṣeé sọ pé ó ń tajà nítorí owó nìkan, nítorí bí ó bá jókòó sílé lọ́jọ́ ọjà, orí á máa fọ́ ọ. Lọ́dún kan, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ẹnì kan ní Ajah, dẹrẹ́bà yẹn ṣí ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́. Bàbá tó ń to eegun ní Lákọwé ṣe é, eegun so, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kúrú, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀ dáadáa mọ́, kò sì ṣeé gbé sókè. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó lè rìn. Gígun nǹkan ni kò lè ṣe.

Lándírófà sì ga. Ẹnì kan ò lè dá gbé ìyá mi wọ ibẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó le gbọnrangandan yẹn. Ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e. Ọ̀kan á dì í mú lábẹ́ apá, ọ̀kan á dì í mú nítan. Ìró á sún sókè. Gbogbo ọjà á máa wò.

"Ẹ rọra o! Ẹyin ni màmá!"

"Ṣé màmá ti sanwó ẹrù?"

Ìyá mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e, á kọ́kọ́ fa ìborùn bojú. Tí a bá délé, kò ní jẹun. Bàbá mi á máa wo abọ́ oúnjẹ yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ìyá mi sọ ọ́ jáde.

"Bàbá Ràṣídì, mi ò lọ Ajah mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ó sú mi. Ọmọ tí mo lè bí ló ń dì mí nítan mú láàárín ọjà."

"Ta ló wá máa ta ẹja?"

"Ẹ̀yin náà ẹ tà á." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti kí yín dáadáa, ẹ máa fún un ní ẹja kúta lọ́fẹ̀ẹ́."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

"Tí o ò bá lè gòkè lọ bá ọkọ̀," ó ní, "ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ."

A rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí ìyá mi jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpótí. Lẹ́yìn náà, àpótí lórí àpótí. Èyí tí ìyá mi bá lè jókòó lé láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú, bàbá mi á fi ọ̀pá oparun wọ̀n ọ́n, á fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Ìyá mi ní, "Ṣé pósí lẹ fẹ́ kàn fún mi ni?" Bàbá mi ní kó dákẹ́ kó tún jókòó. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé oparun yẹn lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn Lándírófà. Ìjókòó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju àmì tó kẹ́yìn lọ, ó lé díẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sàmì sí ibẹ̀ náà.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Tájù la gbé e lọ. Mẹkáníìkì ni, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ní Ajah ló wà. A bá Dúró níbẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi, tó ń wa lọ́rì àgbọn. Bàbá mi sọ ohun tó fẹ́. Dúró bú sẹ́rìn-ín.

"Kàsímù! Ìwọ nìkan ni mo rí tó máa ra Lándírófà, tó máa sọ ọ́ di mọ́tò pẹlẹbẹ torí obìnrin."

"Ìyàwó tìẹ ń gòkè fúnra rẹ̀. Sọ Alihamudulilahi."

"Ìyàwó tèmi? Òun ló ń gbé mi sínú ọkọ̀."

"Ẹ ò kúkú ṣe àpótí fún un, kó máa fi gòkè?" Ọ̀gá Tájù bèèrè.

"A ti ṣe é. Àpótí ń rì sínú iyanrìn. Ẹsẹ̀ yẹn ò sì gba àtẹ̀gùn."

Ọ̀gá Tájù dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ó fọwọ́ gbá sípírìn. Ewé irin tó tò léra ni sípírìn ọkọ̀ yẹn, ọ̀kan gùn ju ọ̀kan lọ.

"A lè yọ ewé díẹ̀ kúrò," ó ní. "Á wálẹ̀ kíá."

"Tí mo bá wá kẹ́ja sí i?"

"Á jókòó sílẹ̀ bí adìyẹ tó sàba."

"Rárá o."

"Ẹ fi iná sí i," Dúró ní. "Kí alágbẹ̀dẹ yan án nínú iná, kó lù ú tẹ́. Wọ́n ṣe ti ọmọ olówó kan ní Máròkó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀ ń fà nílẹ̀ bí ejò."

"Orí títì nìyẹn ti ń rìn," Ọ̀gá Tájù dáhùn látabẹ́ ọkọ̀. "Irin tí iná bá ti mú ọkàn ẹ̀, kì í rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Á máa tẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan á ṣẹ́."

"Kó kúkú rẹ ẹ̀yìn nìkan sílẹ̀."

"Dúró, ṣé ẹ̀yìn ni Ìyá Ràṣídì ń jókòó? Iwájú ni. Ọkọ̀ tó sì jẹ́ pé gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń fà, tẹ́ ẹ bá rẹ apá kan sílẹ̀, tẹ́ ẹ fi apá kan sókè, àwọn ọ̀pá abẹ́ ẹ̀ á máa bára wọn jà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pọ̀."

Ó jáde. Ó gbọn iyanrìn lára. Ó mú irin kan tó nípọn wá láàárín àwọn àlòkù rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ bàbá mi.

"Irú eléyìí, mẹ́rin. Sípírìn á wà lábẹ́ ọ̀pá tó so táyà pọ̀, a máa fi irin wọ̀nyí sáàárín wọn, kí sípírìn lè lọ sísàlẹ̀. A ò ní fọwọ́ kan ewé kankan. Agbára sípírìn á wà bó ṣe wà. Ara ọkọ̀ nìkan láá wálẹ̀."

Bàbá mi gbé irin náà wò. Ó fi wé oparun rẹ̀. Ó bá àlàfo àárín àmì méjèèjì mu.

"Á lè gbẹ́rù?"

"Bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀."

"Á pẹ́?"

"Á pẹ́ jù ẹ́ lọ, Kàsímù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe fi irin mẹ́rin sí i nìyẹn. Ìgbà òjò ni. Iyanrìn le nígbà òjò, ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ geere. Ọkọ̀ ni gbogbo wa ń wò. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a gbé e dé ọjà, àwọn ọmọkùnrin tó máa ń gbé ìyá mi ti dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ dá wọn dúró. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó jókòó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ tó le yẹn wọlé, ó gbé èkejì. Ó fa ilẹ̀kùn. Gbà!

"Ẹ̀ẹ́n! Màmá ti gbọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá!"

"Mo ti gbà á," ìyá mi ní. "Ọ̀gá ti di kọ̀ndọ́ mi."

Bàbá mi di ẹni tó ń pe èrò. "Lákọwé! Lákọwé wọlé!" Mi ò rí i kó ṣeré bẹ́ẹ̀ rí. Lálẹ́, ìyá mi jẹun, ó tún bu sí i.

Ó dára títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn máa ń tú. Àwọn lọ́rì tó ń kó gẹdú àti àgbọn á wá fi táyà wa poro méjì tó jìn sójú ọ̀nà, iyanrìn á sì ga láàárín poro méjèèjì bí ebè. Lándírófà wa ti máa ń kọjá lórí ebè yẹn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ikùn rẹ̀ ń jókòó lé e. Tí ikùn bá ti jókòó, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lófo. A ó sọ èrò kalẹ̀, a ó fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn kan lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀gá Tájù ní kí bàbá mi gbé ọkọ̀ wá. "Ọ̀sán kan ni màá fi yọ irin yẹn. Tójò bá dé, a tún dá a padà."

"Títí òjò fi máa dé ńkọ́?" bàbá mi ní. "Kí wọ́n tún máa gbé e?"

Kò yọ ọ́. Etí òkun ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Tí omi bá fà sẹ́yìn, iyanrìn tútù tó fi sílẹ̀ máa ń le bíi sìmẹ́ńtì, kò sì ní poro. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbà á nígbà mìíràn. Bàbá mi wá sọ ọ́ di ọ̀nà rẹ̀. Kéèyàn wọ̀ ọ́ nígbà tómi bá fà, kéèyàn jáde kómi tó padà, òfin ibẹ̀ nìyẹn. Ó mọ omi. Ó máa ń wo ìfófòó rẹ̀ bí alágbàfọ̀ ṣe ń wo aṣọ.

Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ bá wọn ká àgbọn. Ìyá mi ló rí i, òun ló sọ fún mi.

Ọjà kò tètè tà. Bàbá mi jókòó de ìyá mi, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kúrò, oòrùn ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n omi ti ń padà. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà abúlé wa ti já sí etí òkun. Lọ́rì kan ti wá kó àgbọn níbẹ̀ láàárọ̀. Ó ti la poro sí ibẹ̀. Bàbá mi rí i. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbà jáde. Ó tẹ iná ọkọ̀, ó fi eré gun òkè iyanrìn ibẹ̀. Ikùn ọkọ̀ jókòó. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí.

Ó gbé ìyá mi sọ́wọ́, ó gbé e lọ sídìí àgbọn, ó gbé e jókòó. Ó mú jáàkì àti ṣọ́bìrì.

"Bàbá Ràṣídì, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀," ìyá mi ní.

"Tí ọkọ̀ bá lọ, wọ́n á tún máa gbé ọ."

Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń wa ebè yẹn kúrò. Ìyá mi ní ìgbì tó dé kò tóbi. Kò ju orúnkún èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n ó gba iyanrìn kúrò lábẹ́ jáàkì. Ọkọ̀ jókòó lé bàbá mi.

Ìyá mi kígbe. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó fi ìdí wọ́ lọ, ó ń fa ẹsẹ̀ yẹn lẹ́yìn. Nígbà tó fi débẹ̀, ìgbì mìíràn ti dé. Ó di ọwọ́ bàbá mi mú. Ọwọ́ yẹn kọ́kọ́ di tirẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, kò dì í mú mọ́. Bí àwọn apẹja ṣe bá wọn nìyẹn.

A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá Tájù wà níbẹ̀, Dúró wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi lọ́rì Dúró fa Lándírófà wá sẹ́yìn ilé wa. Omi iyọ̀ ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ̀gá Tájù wo abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ewé sípírìn kan ò ṣẹ́. Irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbi tó fi wọ́n sí. Ó ní òun fẹ́ yọ wọ́n, òun ò fẹ́ máa rí wọn.

"Ẹ má yọ wọ́n," ìyá mi ní.

Nígbà tó jáde ní opó, iṣẹ́ ẹja títà ṣì wà. Dúró ló wá gbé wa. Lọ́rì rẹ̀ ga ju bí Lándírófà ṣe ga kí a tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ. Ìyá mi dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó. Ó fa ìborùn bojú.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ gbé mi."

Mo dì í mú lábẹ́ apá. Dúró di ẹsẹ̀ mú. Ojú Dúró pọ́n. Ní Ajah, nígbà tí a gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó dápàárá. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Lọ́jọ́ ọjà gbogbo, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe. Tí a bá ti délé, kò ní wọlé. Á fi ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn ilé. Á kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn Lándírófà, á jókòó, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ wọlé. Mo máa ń gbọ́ ilẹ̀kùn náà láti ìdí ààrò.

Ó máa ń pẹ́ kó tó jáde.