Bàbá Lábù àti Afẹ́fẹ́ Abẹ́ Gíláàsì

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Bàbá Lábù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rọra sọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin yẹn fi ṣiṣẹ́ nílé-ìwé wa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé e lọ. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, èmi ni tíṣà báyọ́lọ́jì níbẹ̀, ọwọ́ mi ò sì mọ́ nínú ẹ̀. Inú ń bí mi sí púrínsípà, inú ń bí mi sí yunifásítì tó gbé mi jáde, inú sì ń bí mi sí èmi alára.

Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á sí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà, ìwé mẹ́fà ló kà. Tíṣà àgbà kan wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ó ti dolóògbé báyìí. Òun ló kíyè sí i pé bí ọmọkùnrin yìí bá gbá lábù tán, kì í lọ. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan, tíṣà yẹn ní kó wá fojú sí ẹnu maikirosikóòpù, awò tó ń sọ ohun tín-ín-tìn-ín di ńlá. Omi adágún ló wà lábẹ́ ẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé nígbà tóun rí àwọn ẹ̀dá tó ń sáré kiri nínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, òun kígbe, "Yéè! Ṣé ohun tá a ti ń mu látọjọ́ yìí nìyí?" Ó ní tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Látọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ lábù yẹn bíi tiẹ̀. Ẹ ò bá rí i bó ṣe ń bó awọ inú àlùbọ́sà, èyí tó fẹ́lẹ́ débi pé èémí lè gbé e lọ. Á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á kán áyódíìnì sí i, á wá mú gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń bò ó, á fi abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan sókè, á máa rọ̀ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ ẹ̀. "Ẹ má jù ú lé e bí ìdérí ìkòkò o!" Gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá ló mọ gbólóhùn yẹn lórí.

Bó ṣe wá ń ṣàlàyé ni ẹ kò ní í fẹ́ kó tán. "Sẹ́ẹ̀lì ni yàrá tí gbogbo ohun alààyè fi kọ́lé. Ẹ wo ògiri ẹ̀. Ẹ wo kóró inú ẹ̀ tí áyódíìnì sọ di pupa rúsúrúsú, ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde. Òkúta ò ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin ní in, koríko ní in, aáyán náà ní in. Torí náà, ẹ yéé ṣe fáàrí." Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Òfin kan ló fún wọn: ohun tí ojú wọn bá rí ni kí wọ́n yà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Ẹni tó bá yà á rèǹtèrente bí ti ìwé, Bàbá á dá a padà fún un. "Ṣé ìwé ló ríran ni, àbí ìwọ?"

Èmi wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì, mi ò fojú mi rí sẹ́ẹ̀lì kan rí. Maikirosikóòpù méjì la ní fún ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan ò lójú, èkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá wa, ó tì í pa bí ẹni ti wúrà. Wọ́n á ya sẹ́ẹ̀lì sójú pátákó, àwa náà á dà á kọ. Mo mọ̀ ọ́n dà kọ dáadáa, ìyẹn ni wọ́n fi fún mi ní máàkì tó ga jù. Ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Ẹ gbà mí o! Nígbà tí mo débi iṣẹ́, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ń fa máàkì sí ìwé, mo jẹ́ kí Bàbá máa ṣe iṣẹ́ maikirosikóòpù. Ó mọ̀. Kò fi bú mi rí, "Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́" ló ń kí mi láràárọ̀.

Ni wọ́n bá gbé púrínsípà tuntun dé. Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ọmọ sọ ọ́, torí kò sí nǹkan tí kò ní kọ́kọ́rọ́ nílé-ìwé yẹn láàárín oṣù kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ lábù, ó bá Bàbá níwájú kíláàsì. Ó jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ! Ta ló ní kí ìwọ máa kọ́ ọmọ? Ìwé ẹ̀rí ẹ dà?" Ìwọ! Fún ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, níṣojú àwọn ọmọdé! Lọ́jọ́ kejì ó tẹ lẹ́tà pé gíláàsì ni kí Bàbá máa fọ̀, ilẹ̀ ni kó máa gbá. Bó bá tún la ẹnu kọ́ ọmọ kan, ilé yá. Ó ní kí Bàbá fọwọ́ sí i, kí èmi náà fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Mo bú u nínú ikùn mi dáadáa, mo sì fọwọ́ sí i.

Kò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fi ní àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ wò ó bóyá a ṣì lè máa fa àwọn ọmọ kalẹ̀ fún ìdánwò báyọ́lọ́jì. Má-fọwọ́-kàn-án ní èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ni kí n to lábù fúnra mi. Mo bó àlùbọ́sà, mo kán áyódíìnì, mo gbé gíláàsì lé e. Nígbà tí mo yọjú sí i, mo rí nǹkan rogodo kan tí etí ẹ̀ dúdú, ó jọ ti inú ìwé láìku ibì kan. Inú mi dùn! Mo yí i sí ibi tí abẹ́rẹ́ atọ́ka inú awò náà wà, mo kọ ọ́ sórí pépà tó wà níwájú ẹ̀ pé, "Kóró inú sẹ́ẹ̀lì."

Bàbá ń kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó bẹjú wò ó. Ó wúkọ́. "Tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí lẹ́tà yẹn o. Ẹ má kó bá ara yín." Mo ṣe é bí ẹni tó ń ṣàánú ẹ̀. Irọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí ló gùn mí. Ó wò mí, ó lọ fọ ìgò ẹ̀.

Àwọn méjì ló wá, ọkùnrin kan àti ìyá àgbàlagbà kan tó wọ dígí ojú. Ìyá náà fojú sí maikirosikóòpù, ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó wá pe ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì, tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-kọ́, torí pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹnu ẹ̀ nìyẹn bí ẹ bá kí i ẹ kú àárọ̀ pàápàá. Ó ní kó wo ohun tí atọ́ka wà lórí ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, mà," ọmọ náà ní.

"Kí ni kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbí yìí, mà. Kì í ṣe kóró sẹ́ẹ̀lì. Afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ gíláàsì. Ohun tó bá rí rogodo báyìí, tí etí ẹ̀ dúdú kirikiri, afẹ́fẹ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yìí, ó gùn bíi búlọ́ọ̀kù." Ó fi ìka sún gíláàsì díẹ̀, ó fi kóró gidi hàn wọ́n.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló kọ́ ẹ?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí ìdí ẹ̀rọ omi.

Má-fọwọ́-kàn-án tó kó wọn wọlé ti bẹ́ sí i. "Agbálẹ̀ lásán nìyẹn, mà. Kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ yìí ń purọ́ ni."

Ìyá náà yíjú sí Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?"

Bàbá ti ẹ̀rọ omi pa. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà wà nílẹ̀. Bó bá ní rárá, ọmọ náà di òpùrọ́. Ó wojú mi. Ǹ bá ti sọ pé kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kankan ló ti ń kọ́ wọn, pé èmi ni mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún un, pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, pé lẹ́tà ìkà ni wọ́n kọ fún un. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Èmi ni, mà," Bàbá ní. "Ọmọ náà ò purọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fún un ní ìwé lọ-sílé, ẹ̀sùn àìgbọràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ẹ̀ ni èsì àbẹ̀wò dé. Ó ní àwọn ọmọ wa mọ bí a ṣe ń fojú ara ẹni wo nǹkan, pé kí ilé-ìwé máa bá báyọ́lọ́jì lọ. Àyè tíṣà tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló sì wà nínú fọ́ọ̀mù wọn, orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án kà á sétí gbogbo ilé-ìwé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ gbọ́ ná: iṣẹ́ kan náà tí ọkùnrin yẹn ṣe ni wọ́n fi gba àṣẹ, iṣẹ́ náà ni wọ́n tún fi lé e! Ta ni kò ní í ya wèrè?

Lọ́sàn-án Sátidé, mo lọ sílé ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ìyẹn gan-an dùn mí ju èébú lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, mo ń rò ó wuuru: pé kó má bínú, pé mi ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni, pé wọn ò kọ́ mi.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń yà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta lèmi náà fi yà á." Ẹ̀rín náà kúrò lójú ẹ̀. "Ìyẹn ò bí mi nínú. O ò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn bi mí léèrè, tí mo wojú ẹ, o mọ ìdáhùn."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí ìyàwó ẹ̀ fi wá fà mí dìde.