Yàrá Bátìrì Bàbá Àlímọ̀t

Àwọn tó ń pe Bàbá Àlímọ̀t ní ojo, irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi tí mo bá a gbé ilé kan náà ní Pópó Àgùdà ni kí ẹ bi. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ọkùnrin náà lẹ́rù: yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn wa.

Iṣẹ́ tẹlifóònù ló ṣe kó tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí iná ìjọba wá di àlejò ládùúgbò, ní nǹkan bí ọdún 1992, òun ló gbé sólà gun òrùlé, ìyẹn pátákó dúdú tó ń fa iná nínú oòrùn. Ó to bátìrì ńláńlá sí yàrá kékeré yẹn, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ dé yàrá gbogbo wa. Ilé kejì pàápàá ń jẹ níbẹ̀. Háà, a yangàn nígbà náà!

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bàbá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Á dúró, á fimú fa afẹ́fẹ́, á ka Áyátúl Kúrúsíyù fún ààbò kó tó wọlé. Bí ẹ bá mú sìgá kọjá, á figbe ta. Bí ẹ bá bi í pé kí ló wà níbẹ̀, "Ẹ ṣáà má dé ibẹ̀" nìkan ni ẹ máa gbọ́.

Ohun tí kò sọ fún wa nìyí: bí bátìrì bá ń gba iná, ó máa ń tú gáàsì jáde. Fèrèsé kékeré kan ló ń gbé gáàsì náà lọ. Bí kò bá ríbi gbà, tí iná sì kàn án, gbàù ni. Ẹ̀rù ń bà á pé bí a bá gbọ́, a ó da gbogbo rẹ̀ sí ọ̀sà.

Bàbá wá lọ ṣe Iléyá ní Ìjẹ̀bú. Olè bátìrì pọ̀ nígboro, ni Dáfídì káfíńtà, ará ilé wa, bá fi pákó kan fèrèsé yẹn pa. Gbogbo wa la kí i kú iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Alámísì ni bàbá dé. Ní gbogbo Alámísì, Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ máa ń da tùràrí sórí ẹ̀yín iná nínú ìkòkò irin, á gbé e yí ilé ká kí nǹkan búburú lè jìnnà sí wa. Èmi Kìrìsìtẹ́nì náà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Kò gbé e dé abẹ́ àtẹ̀gùn rí, àfi ọjọ́ náà.

Àgbàlá ni mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá wọlé, ojú rẹ̀ bọ́ sára pákó ojú fèrèsé, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kan fèrèsé yìí?"

Ibi tó yíjú sí, Hàwáwù ló rí lẹ́nu ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn, ìkòkò iná lọ́wọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kejì.

"Hàwáwù, dúró!"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àlímọ̀t," ni obìnrin náà wí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn.

Àgbàlagbà sáré! Ọwọ́ òfìfo méjèèjì ló fi gbá ìkòkò gbígbóná yẹn mú, ó gbé e mọ́ra, ó gbé e sá jáde, ó sì jù ú sínú gọ́tà. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ìkòkò lọ.

"Yéè! Orí ẹ̀ ti dàrú!" Ariwo tí a ń pa nìyẹn. Tùràrí Alámísì lẹ́nì kan dà sí gọ́tà! Inú bí Hàwáwù débi pé ó ń sunkún.

Ìgbà náà ni bàbá sọ gbogbo rẹ̀. Dáfídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí pé Dárasími ọmọ mi ń sùn lókè àtẹ̀gùn yẹn gan-an.

Hàwáwù tẹjú mọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ lẹ ń gbọ̀n lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn," ó ní. "Mo bi yín, bi yín, ẹ ò dáhùn. Èmi rò pé àlùjànnú ló wà níbẹ̀. Mo ní kí n bá yín lé e lọ kí ẹ tó dé."

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sí i. Hàwáwù fẹ́ dì í mú, kò ríbi dì mú.