Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Kí Ìyá Àgbà

Òórùn òjé tó ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní ọjà Katako láàárọ̀ Sátidé, kí òórùn pákó tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń là tó bò ó mọ́lẹ̀. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá ń tún ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Niamey ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ sí, ní agboolé kan ní Boukoki tí a bá àwọn Zarma gbé. Èdè mẹ́ta la fi ń jà nínú ilé yẹn. Yorùbá nìkan ni Bàbá gbà kí a fi tọrọ àforíjì.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Fọlákẹ́ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, nígbà tí òyìnbó Faransé kan tó ń padà sílé gbé kọ̀ǹpútà kan fún Bàbá, ó ní ó ti kú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú rẹ̀: pátákó pẹlẹbẹ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni a ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí. "Ohun tí wọ́n bá ní ó ti kú," ni Bàbá máa ń wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀." Ó tú u, ó tún un tò. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó jí.

Ìwé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fún un níṣẹ́ bá ẹ̀rọ náà wá. Fọlákẹ́ gbé ìwé yẹn bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bó bá ti dé láti ilé ìwé, orí àga gbọọrọ ní ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ tààrà, á máa tẹ̀, á máa pa á rẹ́, á tún máa tẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti ṣẹ̀dá eré kan. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, yóò gbéra ní Kirkissoye, yóò gbé àlùbọ́sà sọdá Odò Ọya, àwọn erinmi á sì máa yọ orí lójijì. Bí erinmi bá dojú ọkọ̀ dé, ojú tẹlifíṣọ̀n á kọ "Kala suuru", bí àwọn Zarma ṣe ń sọ fún ẹni tí nǹkan ṣe pé kó ṣe sùúrù. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fi ayùn sílẹ̀ wá wò ó. Èmi ò kọjá erinmi kẹta rí.

Olùkọ́ ìṣirò Fọlákẹ́ kò gbà á gbọ́. Ó ní òun á wá fojú ara òun rí i ní Sátidé, bó bá jẹ́ òótọ́, òun á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n fẹ́ rán lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Sátidé náà gan-an ni mo rántí pé ẹnìkan ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Láyé ìgbà yẹn, ohùn la máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Mo fẹ́ dá kí Ìyá Àgbà, láìsí ẹni tó máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì kan lórí tábìlì, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Mo fi í sínú rédíò. Ó ń han goorogo bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, mo wá kọ orin ilé ìwé wa.

"Dúpẹ́, ṣé o rí kásẹ́ẹ̀tì mi tó wà lórí tábìlì?" Fọlákẹ́ pè láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo yọ ọ́ nínú rédíò. Mo yára tì í sábẹ́ ìwé rẹ̀. "Ó wà níbí," ni mo dáhùn.

Wákàtí méjì ló kù kí olùkọ́ dé. Wákàtí méjì tó láti la ẹnu. Mo ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá.

Olùkọ́ náà dé, ó jókòó sórí àpótí Bàbá. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣófo. Fọlákẹ́ dá a padà, ó tún un ṣe, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí bọ́tìnnì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sọ ní Faransé pé ẹni tó purọ́ fún olùkọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá sún mọ́ tábìlì. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó ní, "Fọlákẹ́, má bínú sí mi. Ọwọ́ mi ni. N kò tún un ṣe dáadáa."

Mo gbọ́ ọ. Mo dákẹ́.

Fọlákẹ́ ju kásẹ́ẹ̀tì náà sínú àpótí àwókù, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Ó ń ta oògùn ní Cotonou báyìí, Ọlọ́run sì ṣe é fún un.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, èmi ni mo palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àpótí yẹn wà níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti kà á pé àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń wá eré kọ̀ǹpútà àtijọ́ kí kásẹ́ẹ̀tì tó jẹrà. Mo kọ̀wé sí obìnrin kan lára wọn. Ó fèsì pé òun kò tíì rí ọ̀kan gbà láti Niamey rí, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gba ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò lè yí. Kí n tó ṣe é, mo pe Cotonou.

"Àǹtí, kì í ṣe Bàbá ló ba kásẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́. Èmi ni. Mo fi kí Ìyá Àgbà."

Mo ń gbọ́ ẹnìkan tó ń bèèrè oògùn ibà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kó dúró ná.

"Bí mo bá ti wá sílé," ló wí níkẹyìn, "Bàbá a tún máa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Pé òun ni kò jẹ́ kí n lọ."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀." Ó pa fóònù.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò gbé ìpè mi. Lọ́jọ́ kejìlá ló pè, kò kí mi. "Gbé e sí i," ló wí. "Mo fẹ́ gbọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Tépù náà ń lọ́ra, ó ń fà. Ohùn ọmọdé kan jáde: "Ìyá Àgbà, ẹ kú ilé o! Èmi Dúpẹ́ ni!" Ó kí àwọn ewúrẹ́, ó kọrin. Lójijì, ariwo goorogo náà, tó jẹ́ eré Fọlákẹ́ gan-an, bẹ́ sílẹ̀. Èmi àti Fọlákẹ́ jọ gbọ́ ọ títí ó fi parí. Bí mo ti fẹ́ dá a padà, tépù náà já.

Mo fi ohun tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ti lọ, ṣùgbọ́n láti ibi àwọn erinmi títí dé òpin, ó pé. Fọlákẹ́ ní òun ṣì rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun á tún un kọ lọ́tọ̀. "Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà," ló wí, "pẹ̀lú ihò rẹ̀." Títí di òní, kò tíì sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò bi í.

Ìwé kan wà tí a ní láti kọ mọ́ eré náà. Wọ́n bèèrè bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe sọnù. Mo kọ́kọ́ kọ pé: "Wọ́n ṣèèṣì gba ohùn mìíràn lé e." Mo kà á, mo pa á rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀rù bà, ó ṣeé forí jì; kò mọ ohun tó wà nínú ariwo yẹn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, tí ewú ti gba iwájú orí mi, mo ṣì ń wá ibi tí n ó sá pamọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "wọ́n".

Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀.