Ẹsẹ̀ Òsì Tèmilọlá

Gbogbo ẹni tó bá mọ Tèmilọlá ní Festac ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ní Amuwo, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n jọ máa ń sáré yí pápá ká, àwọn ọmọ ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá sáré o. Tiẹ̀ ò tíì dé.

Ọláńrewájú ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Trade Fair. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn, bí ìyá náà bá ní iyọ̀ dùn bíi ṣúgà, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n pinnu láti ṣe IVF, òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: "Mọ́mì ò gbọ́dọ̀ gbọ́." Ìdí ni pé Mọ́mì ti rí ìbejì aládùúgbò wọn kan ní Alákijà rí, ó yọ ṣùtì, ó ní, "Ọmọ inú ìgò nìyẹn. Ta ló mọ ẹni tó bí wọn?" Tèmilọlá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ń gbóná.

Bó ṣe di pé eyín ló ń dùn ún nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ń lọ gba abẹ́rẹ́, á ní eyín lòun ń lọ tọ́jú. Mọ́mì ní, "Eyín wo ló ń dun èèyàn tó báyìí? Ṣé eyín ẹṣin ni?"

Nọ́ọ̀sì Àsmá'ù tó ń fún un lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Amuwo ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. "Àǹtí Tèmi, oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dì. Ẹ máa rìn, ẹ máa mumi. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ìkejì ò wú, tàbí tí ẹ ò bá rí èémí fà dáadáa, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa bọ̀."

Oyún dúró! Ọláńrewájú ń jó ní kíṣìnnì, ó gbàgbé ẹyin sórí iná. Kí ẹyin náà tó jóná tán, ó ti pe Alákijà. "Mọ́mì, Ọlọ́run ti ṣe é o!"

Mọ́mì gbé báàgì dé, ó gbé òróró àdúrà dé, ó sì gbé òfin tiẹ̀ náà dé. Ẹni tó bá ti wojú Olúwa pẹ́ kì í fẹsẹ̀ kanlẹ̀ títí oyún á fi fìdí múlẹ̀ dáadáa. Orí bẹ́ẹ̀dì ni kó ti jẹun. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á ti fi tówẹ̀lì nu ara rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n rìn dé bákónì."

"Bákónì kẹ̀! Ṣé bákónì ló máa bá ẹ bímọ? Ẹni tó gbin àgbàdo kì í hú u wò. Sùn padà jàre."

Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní dókítà ló ní kóun máa rìn, Mọ́mì á ní dókítà wo. Tó bá ti di dókítà wo, àṣírí ti tú nìyẹn. Ìfẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kò sí bí Tèmilọlá ṣe fẹ́ bá a jà. Bukky tí wọ́n jọ ń gbé bíláàkì kan náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Olorì! Ṣé wọn ò tíì gbé adé wá ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tèmilọlá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun kan ń jẹ ẹ́ nínú ẹran ẹsẹ̀ òsì, bí ìgbà tí iṣan bá sún kì.

Nígbà tó máa fi dọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì náà ti wú, ó ń gbóná.

"Ẹsẹ̀ oyún ni," ni Mọ́mì wí. "Nígbà tí mo lóyún ọkọ ẹ, bàtà kan ò gbà mí."

"Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àbí ẹyọ kan, Mọ́mì?"

"Ta ló ń ka ẹsẹ̀? Nà án wá."

Ó fi omi gbígbóná jó o, ó bu òrí, ó ń fi àtàńpàkò ti wíwú náà láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè. Tèmilọlá ki ìrọ̀rí bọnu. Bí Mọ́mì ṣe wọ kíṣìnnì ló fa fóònù.

"Láńre, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú o. Rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Bá mi sọ fún wọn."

"Tèmi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n délé ná."

"Ìwọ ni ọmọ wọn. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Ó délé. Ó jẹun. Kò sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì tún ti ń fi òrí ra ẹsẹ̀ náà nígbà tí nǹkan kan gún Tèmilọlá láyà bí ọ̀bẹ. Ó fẹ́ mí, èémí dé ọ̀nà ọ̀fun, ó padà. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò. Ọláńrewájú ì bá yà sí Amuwo, sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó wo ìyá rẹ̀ nínú dígí, ó sì yà sí ọsibítù kékeré tó wà nítòsí.

Dókítà Ajíbọ́lá, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti Tèmilọlá lọ, béèrè pé, "Oògùn wo ló ń lò? Ṣé wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́ kankan?"

"Rárá o," Mọ́mì ti dáhùn. "Oyún àdúrà ni."

Tèmilọlá la ẹnu. Tọkàntọkàn ló fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, kò bìkítà ẹni tó máa gbọ́ mọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó fà á, ó tún fà á.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Ọláńrewájú wí. "IVF ni. Abẹ́rẹ́ la fi lóyún náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ti wà látìgbà náà."

Dókítà ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń pariwo pe nọ́ọ̀sì. "Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì ti já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Màá fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì sí i, àmọ́ ọsibítù ńlá ló máa lọ. Mo ti pe áńbúláǹsì."

"Ṣé bí mo ṣe ń fi òrí ra ẹsẹ̀ náà ni?" Mọ́mì béèrè. Òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò lè sọ, Mọ́mì. Abẹ́rẹ́ wà ńbẹ̀, oyún wà ńbẹ̀, ìdùbúlẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má ṣáà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn mọ́."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí ìyá mí ná."

Mọ́mì tẹ̀ sétí Tèmilọlá. "Kí ló dé tóò sọ fún mi? Ta ló ní mi ò ní fẹ́ ọmọ náà?"

Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ìdáhùn náà wà níbẹ̀, kò rí èémí tó máa gbé e jáde. Omi ojú kan ṣáà ṣàn gba etí rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń wa áńbúláǹsì pè padà pé tírélà ti dí ọ̀nà ní Mile 2, àwọn ò tíì lè kọjá. Ọláńrewájú jáde lọ wo ọ̀nà, ó wọlé, ó tún jáde. Mọ́mì ò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Tèmilọlá fa èémí bíńtín kan, ó dúró díẹ̀, ó tún ń wá òmíràn.