Àwọn Ajá Méjì Tó Wọ̀yá Ìjà Lágbàlá Wa

Ẹni tí kò tíì rí ajá inú ilé kan náà níbi tí wọ́n ti ń fa ara wọn ya, kò tíì mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba àgbàlagbà.

Ọdún Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ajá tí mo fi ń ṣọdẹ ti ń darúgbó, àmọ́ eyín rẹ̀ kò bá a darúgbó. Ìyàwó ọmọ mi, aránṣọ tó ti Àbíjàn dé, ní ọmọ ajá kan tirẹ̀. Eegun àgbò kan bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Ká tó ṣẹ́jú, àgbà ajá ti ki ọmọdé lọ́fun mọ́lẹ̀.

Ìyàwó ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí ẹnu wọn.

"Má fọwọ́ débẹ̀! Ajá tó ń jà kò mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ!"

"Bàbá, ó ń kú lọ!"

Aládùúgbò wa tó ń gbé bùtà lọ sí mọ́ṣáláṣí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi gbogbo ohùn pe orúkọ ajá mi. Bó ṣe ń pè é ni ajá ń ki eyín wọlé sí i.

"Alàájì, ẹ panu mọ́! Nínú igbó, tí mo bá ti pe orúkọ ẹ̀, pé kó di ẹran mú ni!"

"Kí ni kí n wá ṣe? Mo ti ṣe àlùwàlá, itọ́ ajá ò gbọdọ̀ kàn mí."

"Ẹ na bùtà yẹn láti òkèèrè, kẹ́ ẹ da omi rẹ̀ sí ajá mi nímú."

Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá mi mú, ìyàwó ọmọ mi di ti tirẹ̀ mú. Ó fẹ́ fà á. Mo ní kó dúró: bí a bá fà á nígbà tí eyín ṣì wà lọ́fun, ọ̀fun ni yóò ya. Ọmọ ajá kò ké mọ́. Omi ń tán lọ nínú bùtà. Lójijì, ajá mi húkọ́, ẹnu rẹ̀ là.

"Fà á! Fẹ̀yìn rìn!"

Èmi náà gbé ẹsẹ̀ tèmi sókè bí ẹni ń fa bárò, mo ń fẹ̀yìn rìn yípo kó má bàa ráyè yíjú bù mí jẹ, títí mo fi tì í mọ́ ilé ìdáná.

"Ẹ wá omi míì fún mi o," Alàájì ní. "Ajá yín ti fi tèmi ṣe àlùwàlá."

Ìyàwó ọmọ mi fẹ́ gbé ajá rẹ̀, àmọ́ ajá náà ṣíyín sí i.

"Fi í sílẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì wà lójú ìjà."

Ó jókòó sílẹ̀ lókèèrè, ó ń fi Faransé pè é jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí ọmọ ajá tó wọ́ ara rẹ̀ wá gbórí lé e lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà la tó yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Ihò eyín wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń sun, àmọ́ ọ̀fun kò ya. Alàájì ló bá wa dá ọ̀kadà dúró, tó gbé ìyàwó ọmọ mi àti ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.