Ìrìn Omi Nínú Fọ́nrán Òwú

“Má tẹ̀ ẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wí, mo sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Fọ́nrán òwú ló tẹ́ káàkiri yàrá rẹ̀, funfun báláú lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́tọ rẹ́. Lóde, ìyá mi ń fẹ́ ẹ̀wà, èèpo rẹ̀ ń fò kọjá lójú fèrèsé. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan dúró fún agboolé kan ní abúlé wa: bí ìrìn àwọn ará ibẹ̀ sí odò bá ṣe gùn tó ni fọ́nrán wọn ṣe gùn tó.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ẹ̀kọ́ ìjọ kí wọ́n tó bí mi. Lẹ́yìn ọdún 1950, nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, nípa bí a ṣe ń fi ìṣirò mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé láwùjọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti Kàbà. Ó ní kànga kan ṣoṣo ni ìjọba fẹ́ gbẹ́ fún agbègbè wa, pé abúlé tí ìrìn omi wọn bá jìn jù ni yóò gbà á, kí abúlé kọ̀ọ̀kan fi iye kan ránṣẹ́. Baálẹ̀ gbé iṣẹ́ náà lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́wọ́. Àwa ọmọbìnrin bá a fa okùn láti ẹnu ọ̀nà agboolé kọ̀ọ̀kan dé etí odò, òun a sì gé òwú tó bá a mu, ìwọ̀n ìka kan fún gígùn okùn kan. Àwọn ìyá kan kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó orí ni. Ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn bó ẹ̀gúsí títí wọ́n fi gbà.

Ó to àwọn òwú náà láti orí èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù, ó ní kí n fi ọwọ́ kan èyí tó wà láàárín gan-an. Kò gùn ju apá mi lọ. Lẹ́yìn náà ó gé òwú mìíràn tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dọ́gba, ó so àwọn tuntun náà pọ̀ di ọ̀kan gbọọrọ, ó sì ṣẹ́ ẹ po títí agboolé kọ̀ọ̀kan fi ní ìpín kan náà. Ìpín náà gùn ju fọ́nrán gbogbo wa lọ, àfi ọ̀kan. Mo bi í pé agboolé wo ló ni ìpín yẹn gan-an.

Ó wo inú ìwé rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. “Kò sí ẹni tó ni ín,” ló wí.

Ó wá fi fọ́nrán tó kẹ́yìn hàn mí, èyí tó gùn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti agboolé kan tó dá wà lójú ọ̀nà Ògìdì ni. Bàbá ibẹ̀ ń kírun, ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oko ló gbé wọn jìnnà síbẹ̀, a kì í sì í sábà rántí wọn. Fọ́nrán wọn nìkan ló fa ìpín gbogbo wa gùn.

Inú Baálẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́. Ó ní kí ó fi ìpín gígùn yẹn nìkan ránṣẹ́, pé iwájú ọjà ni a ó gbẹ́ kànga náà sí.

“Bàbá, iye náà kì í ṣe irọ́,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fèsì. “Ṣùgbọ́n ìrìn àwọn kan la fẹ́ fi gba omi, wọn ò sì ní rí i mu.”

“Ọmọ abúlé yìí ni ọ́.”

“Ọmọ abúlé yìí ni àwọn náà.”

Ó fi ti àárín ránṣẹ́, ó fi ìpín ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ pé agboolé kan ló dá jìnnà lójú ọ̀nà Ògìdì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń gbẹ́ kànga dé. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọjà wa kọjá, wọ́n lọ gbẹ́ ẹ sójú ọ̀nà Ògìdì.

Ìyá mi kò fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí i mọ́. Àwọn obìnrin a dákẹ́ bí ó bá dé etí odò, nítorí àwa ṣì ń lọ sí odò, òun náà ń bá wa lọ, ó ń rìn lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó agboolé ojú ọ̀nà Ògìdì wọ ọgbà wa, ó ru omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n fún eruku. “Okun, ìyá,” ló wí, bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa, ó kúnlẹ̀, ó sì da omi náà sínú àmù ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó gbé abọ́ ọbẹ̀ fún mi pé kí n gbé e lọ fún un.

Iṣẹ́ ìwádìí nípa àwùjọ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì bí a ṣe ń wá ìpín ọgbọọgba àti iye àárín, mo ti mọ̀ wọ́n láti ara òwú. Ohun tí mo fi kún un ni pé, bí iye bá ti jáde, mo máa ń béèrè ẹni tó wà lópin pátápátá, mo sì máa ń lọ sí ilé rẹ̀ fúnra mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí àwọn ará ilé náà kọ́kọ́ ń bi mí ni bóyá mo ṣìnà ni.